Kọ́bọ̀ọ̀dù Aṣọ Wa: Ọwọ́ Ara Wa La Ó Fi Tún Un Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbòò, Ọjà Igbó, Ògbómọ̀ṣọ́

   

Láti ìpàdé tó kọjá ni àwọn kan ti ń béèrè lọ́wọ́ wa pé kí ló gbé àwa ìgbìmọ̀ dé ilé ọ̀kan nínú wa pẹ̀lú òòlù àti ayùn. Àwọn kan ní a ti di káfíńtà, pé a fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọkọ wa. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Ọ̀rọ̀ náà la fẹ́ sọ lónìí. A ti kọ ọ́ sílẹ̀, a ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ẹgbẹ́, kí ẹni tí kò wá lè kà á, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà lè ní kí ọmọ kà á fóun.

Ọ̀rọ̀ kọ́bọ̀ọ̀dù aṣọ ni. Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Obìnrin ọlọ́jà, ibo lowó rẹ̀ wà? Apá kan wà nínú ọjà, apá kan wà lọ́wọ́ alájọ, apá kan wà lára àwọn ọmọ tó ń lọ sílé ìwé, èyí tó kù wà nínú aṣọ. Ẹtù, sányán, àlàárì, àdìrẹ, dámáàsìkì, lẹ́ẹ̀sì, gbogbo ẹgbẹ́jọdá tí a ti ń rà láti ìgbà ọmọge. Ọjọ́ tí nǹkan bá le, aṣọ lẹlòmíì ń kó tà. Ọjọ́ ayẹyẹ, aṣọ la fi ń mọ ọmọ èèyàn. Síbẹ̀, ibi tí a kó gbogbo rẹ̀ sí, a lè má ṣí i wò dáadáa fún ọdún kan gbáko.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan nínú wa tó ń ta èlùbọ́, a ò ní dárúkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ní ká sọ ọ́ káwọn ẹlòmíì lè fi ṣọgbọ́n. Ọmọ rẹ̀ obìnrin lóyún oṣù méje, ó ń bọ̀ wá bímọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Màmá ní kóun tètè kó aṣọ ìkómọ jáde, kóun sì ṣa àwọn ìró àtijọ́ tó ti rọ̀, èyí tí a máa ń fi pọ́n ọmọ tuntun. Ó ṣí kọ́bọ̀ọ̀dù yàrá rẹ̀. Ẹtù tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bó ṣe fà á, ibi tó fọwọ́ dì mú nìkan ló tẹ̀ lé e. Ìyókù di eruku pupa. Ikán ti jẹ ẹ́ láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, ojú tí a ń rí ló fi sílẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Sányán tó wà lókè rẹ̀, ikán ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àmọ́ kòkòrò ajẹṣọ ti dá a lu wínníwínní bí asẹ́. Ìró tó kù ti bu, wọ́n ń rùn.

Ìyá náà jókòó sórí ibùsùn, ó sunkún. Ó ní kì í ṣe owó aṣọ lòun ń sunkún sí, pé òun ò ní nǹkan ìyá òun mìíràn mọ́.

Káfíńtà ńkọ́? Ó ti gbowó pákó lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà òjò. Ẹ̀yin náà mọ orin wọn: “Màmá, ọ̀la mò ń bọ̀.” Ọ̀la náà ò dé. Nígbà tí a gbọ́, àwa márùn-ún nínú ìgbìmọ̀ kó ara wa lọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìparí oṣù Kọkànlá ni, òjò ti lọ, ọyẹ́ ti ń fẹ́, àsìkò tó dára jù lọ fún irú iṣẹ́ yìí sì nìyẹn, torí ohun gbogbo ń gbẹ kíákíá.

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ síta. Gbogbo rẹ̀ o, títí dé orí bàtà. A gbọn aṣọ kọ̀ọ̀kan, a sá a. Àdìrẹ àti ẹtù, ẹ̀yìn wọn la kọ sí oòrùn, a sì sá wọn síbi òjìji, torí oòrùn tó mú janjan a máa ṣá aró. Nígbà tí a ń kó o, káńfọ̀ ń já bọ́ láàrin aṣọ. A ṣà á jọ, ó lé ní ọgbọ̀n ẹyọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ káńfọ̀ yẹn sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀, torí òun gan-an ló jẹ́ ká pinnu pé a gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ yìí ní gbangba.

Nígbà tí kọ́bọ̀ọ̀dù ṣófo, a tan iná tọ́ọ̀ṣì sí i. Irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé wa ni: wọ́n fi àyè sílẹ̀ lára ògiri yàrá nígbà tí wọ́n ń kọ́lé, wọ́n wá fi pákó ṣe pẹpẹ àti ilẹ̀kùn sí i. Amọ̀ ni ògiri náà, símẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ. A fi ìka kan pákó kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún gbọ̀-ngbọ̀ bí igbá òfìfo, ikán ti wà nínú rẹ̀. A fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún un, ó wọlé bí ẹni gún mọ́ínmọ́ín. Lára ògiri, a rí ọ̀nà tí ikán fi amọ̀ mọ, tó gùn láti ilẹ̀ lọ sókè bí okùn.

Ikán ò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, kò sì fẹ́ ibi gbígbẹ. Ìdí nìyẹn tó fi ń bo ọ̀nà rẹ̀. Ibi tó bá wà, ẹ wá omi lọ síbẹ̀. A jáde lọ sẹ́yìn ilé, a sì rí i: omi balùwẹ̀ ń ṣàn gba ìdí ògiri yẹn gan-an lójoojúmọ́, láti ọdún mélòó kan. Ògiri ń mu omi láti ìsàlẹ̀, símẹ́ńtì ibẹ̀ ti ń hù funfun bí iyọ̀, ó sì ti sán. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Káfíńtà ì bá wá fi pákó tuntun síbẹ̀, kò ní pé ọdún méjì tí ikán á fi jẹ òun náà.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ kìíní rèé: ẹ tún ẹ̀yìn ilé ṣe kí ẹ tó tún inú yàrá ṣe. A ní kí àwọn ọmọ la ojú àgbàrá mìíràn fún omi balùwẹ̀, kó jìnnà sí ògiri. A wo òrùlé bóyá páànù ń jò. A kó igi ìdáná tí wọ́n tò ti ògiri kúrò, torí oúnjẹ ikán ni.

Ẹ̀kọ́ kejì: ẹ yọ gbogbo igi tí ikán ti dé, kódà bí ojú rẹ̀ bá dán. A sun ún lẹ́yìn ilé. A ha ọ̀nà ikán kúrò, a tẹ̀ lé e títí a fi rí ihò tó gbà jáde nílẹ̀. Oògùn ikán, a ò fọwọ́ ara wa fi í. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ni a pè, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó bo imú, ó da á sínú ihò, a sì di ihò àti gbogbo ojú ibi tó sán pẹ̀lú símẹ́ńtì. Ọmọ tó lóyún náà, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ la ní kó máa sùn títí iṣẹ́ fi parí. Òórùn oògùn àti ti ọ̀dà ò yẹ aboyún.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni sùúrù. Ògiri gbọ́dọ̀ gbẹ. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbẹ? Ẹ gé ọ̀rá nylon funfun tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yíká, kí afẹ́fẹ́ má lè wọ̀ ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá sun sí ẹ̀yìn ọ̀rá náà, ògiri ṣì tutù. A ṣe é nígbà mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà kí ọ̀rá tó gbẹ tán. Lẹ́yìn náà la kùn ún ní ọ̀dà olómi funfun. A ò lo ọ̀dà olóróró, torí yóò dí ògiri mọ́ omi tó bá ṣì wà nínú rẹ̀. Funfun náà nídìí: bí ikán bá tún gbìyànjú láti la ọ̀nà, ojú ẹsẹ̀ lẹ máa rí i.

Lẹ́yìn èyí ni pákó. Ẹ má rẹ ara yín sílẹ̀ pé ẹ ò mọ ayùn lò. Tépù la mú, a wọn àyè náà: ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ní fífẹ̀, méje ní gíga, méjì ní jíjìn. A kọ ọ́ sínú ìwé, a gbé e lọ sí ibi ìlagi, wọ́n gé pákó fún wa níbẹ̀ bí a ṣe kọ ọ́. Ẹ má ra àràbà nítorí pé ó pọ̀ lọ́jà. Igi rírọ̀ ni, ikán fẹ́ràn rẹ̀. Apá tàbí ayin dára fún ẹsẹ̀ tó máa fara kan ilẹ̀, torí àwọn bàbá wa mọ̀ pé igi wọ̀nyí ń le fún ikán láti jẹ. Tíìkì náà dára. Wọ́n wọ́n o, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ nìkan lẹ máa lò ó fún. Fún pẹpẹ, ẹ lè lo igi tí kò wọ́n, kẹ́ ẹ kàn ti kun oògùn igi sí i, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gbẹ.

Bí a ṣe tò ó rèé. Pẹpẹ ìsàlẹ̀, a gbé e kúrò nílẹ̀ ní ìwọ̀n ínǹṣì mẹ́fà, kí ìgbálẹ̀ lè wọ abẹ́ rẹ̀, kí ojú wa sì lè rí ibẹ̀. Ẹ̀yìn pẹpẹ ò fara kan ògiri, a fi àyè ínǹṣì méjì sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè rìn. A ò fi odindi pákó ṣe pẹpẹ. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ la tò, tí àyè ìka kan wà láàrin wọn, bí àtẹ tí a ń sá ata lé. Àárín gbùngbùn, a gbé òpó kan dúró, torí pákó tó bá gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ tí kò ní òpó lábẹ́, aṣọ òkè yóò tẹ̀ ẹ́. Ẹ mọ bí aṣọ òkè ṣe wúwo.

Báwo la ṣe mọ̀ pé pẹpẹ tẹ́ dáadáa? Ìgò omi rọ́bà tó mọ́ gaara la bu omi sí títí dé ìdajì, a dé e, a fi í lélẹ̀ gbọọrọ lórí pákó. Bí omi inú rẹ̀ bá tẹ́ bákan náà láti orí dé ìdí, pẹpẹ tẹ́. Bó bá wọ́ sápá kan, ẹ gbé apá yẹn sókè díẹ̀ kẹ́ ẹ tó kan ìṣó. Ọmọ ilé ìwé kan ló kọ́ wa, a sì rẹ́rìn-ín títí.

Apá òsì la fi sílẹ̀ fún aṣọ gbígbékọ́. Páìpù irin omi la fi ṣe ọ̀pá, a kùn ún kí ìpáàrà má baà kó èérí bá aṣọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé aṣọ òkè kọ́ síbẹ̀. Ìwúwo rẹ̀ á máa fa òwú rẹ̀ gùn. Kí ẹ ká a ló dára. Lẹ́ẹ̀sì tó ní òkúta náà, ẹ tẹ́ ẹ. Bùbá àńkárá àti káfítáànì ni kẹ́ ẹ fi kọ́.

Ilẹ̀kùn àtijọ́ ṣì dára, a kò rà á. A fi pépà fífá fá a, a pààrọ̀ ìdè rẹ̀ tó ti dógùn-ún, a sì lu ihò sí i lókè àti nísàlẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tí a fi ń dí fèrèsé la kàn mọ́ ojú ihò náà nínú, kí afẹ́fẹ́ wọlé, kí eku àti aáyán dúró síta. A ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ odindi ọ̀sẹ̀ kan kí òórùn ọ̀dà lè lọ. Lẹ́yìn náà, a tẹ́ ìró funfun àtijọ́ tí a ti fọ̀ sórí pẹpẹ, kí oje igi má baà ta sí aṣọ. Gbogbo owó tí a ná, ìró lẹ́ẹ̀sì kan tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ku àwọn aṣọ fúnra wọn. Ẹ má kó aṣọ tó ní òógùn tàbí ọbẹ̀ pamọ́. Èérí ló ń pe kòkòrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni sítáàṣì. Aṣọ tí a fi ẹ̀kọ láfún tẹ̀ kó lè le, oúnjẹ aáyán ni lójú aáyán. Ẹ fọ sítáàṣì kúrò kẹ́ ẹ tó kó o pamọ́, ẹ ó tún un fi sí i lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ̀ ọ́. Sányán, torí pé òwú inú rẹ̀ ara kòkòrò ló ti wá, òun ni kòkòrò ajẹṣọ máa ń kọ́kọ́ lọ bá. Ẹ fi aṣọ funfun wé e lọ́tọ̀. Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ tú aṣọ òkè yín, kẹ́ ẹ tún un ká síbòmíràn, torí ibi tí a bá ká sí lójú kan náà fún ọdún mẹ́wàá, ibẹ̀ ni yóò já sí.

Wàyí o, káńfọ̀. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí.

Nígbà tí a kó káńfọ̀ tó lé ní ọgbọ̀n yẹn jọ, ọmọ ọ̀kan nínú wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì wá kí wa níbi iṣẹ́. Ó rí i, ó rí àwọn ìró tí màmá ti yà sọ́tọ̀ fún ọmọ tuntun, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, “Ẹ̀yin màmá, aṣọ tí ẹ fẹ́ fi wé ọmọ nìyí?” Ó wá ṣàlàyé fún wa.

Ohun tí a ń pè ní káńfọ̀ nínú ọjà, naphthalene ni orúkọ rẹ̀. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa, àwọn dókítà ń pè é ní G6PD. Àwọn kan wà tí tiwọn ò tó láti inú oyún wá. Wọn ò ṣàìsàn, wọ́n lè dàgbà, kí wọ́n darúgbó, kí wọ́n má mọ̀. Nílẹ̀ Yorùbá wa níbí, nínú ọmọkùnrin mẹ́wàá, ó tó bíi méjì tó ní in. Àwọn obìnrin náà ń ní in, àmọ́ ó pọ̀ lára ọkùnrin. Kì í ṣe ọwọ́ ayé, ẹ̀jẹ̀ la fi ń jogún rẹ̀, ó sì pọ̀ níbi tí ibà ẹ̀fọn ti pọ̀ torí pé ó ń ran ara lọ́wọ́ díẹ̀ lórí ibà.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, bí òórùn káńfọ̀ bá wọ ara rẹ̀ láti inú aṣọ tí a fi wé e, ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ojú rẹ̀ á pọ́n bí ìyeyè, ara rẹ̀ náà á pọ́n. Jọ́ńdíìsì nìyẹn. Bó bá pọ̀ jù, ó ń gun orí ọpọlọ. Ó lè pa ọmọ. Èyí tí kò pa, ó lè di etí rẹ̀, tàbí kó má jẹ́ kó lè jókòó, kó má jẹ́ kó lè rìn.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ dé ibẹ̀, ọ̀kan nínú àwa márùn-ún dákẹ́, ó gbé òòlù sílẹ̀, ó jáde síta. A mọ ìdí rẹ̀. Ó ní ọmọ ọmọ kan tí ojú rẹ̀ pọ́n ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n bí i. Ọmọ náà ti dàgbà báyìí, ó gbọ́n, ó rẹwà, ṣùgbọ́n kò gbọ́ràn. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé káńfọ̀ ni, torí ohun tó ń fa jọ́ńdíìsì pọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà yẹn rántí aṣọ tó fi wé e, ó sì rántí òórùn rẹ̀. Ìfẹ́ ló fi wé e. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ìdí tí àwa fi ń sọ fún yín nìyí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá ọmọ àti ìyá àgbà: aṣọ ọmọ tuntun, ẹ má jẹ́ kí káńfọ̀ sún mọ́ ọn láé. Ẹ kó o sínú ike tó ní ìdérí, lọ́tọ̀. Aṣọ tí káńfọ̀ ti wà lára rẹ̀, kẹ́ ẹ sá a fún ọjọ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́, kí àgbàlagbà wọ̀ ọ́. Ẹ má fi wé ọmọ. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú náà, kó má wọ aṣọ tó ń rùn káńfọ̀ gbé ọmọ mọ́ra. Káńfọ̀ ò sì gbọdọ̀ wà nílẹ̀ níbi tí ọmọ ti ń rákò, torí ó jọ súìtì lójú rẹ̀.

Bí ojú ọmọ tuntun bá pọ́n, pàápàá kó tó pé ọjọ́ kan tí wọ́n bí i, tàbí tí kò fẹ́ mu ọmú, tó ń sùn ṣáá, tàbí tó ń na ẹ̀yìn gan-an, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró fi omi glucose tàbí omi ìbẹ́pẹ dán an wò. Ẹ má sì sọ pé ẹ óò gbé e sí oòrùn àárọ̀. A mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ pé oòrùn ń wò ó. Ìmọ́lẹ̀ ló ń wò ó lóòótọ́. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ wa níbí, ní ilé ìwòsàn Bowen, àwọn dókítà lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn fún àwọn ọmọ tó ní jọ́ńdíìsì, torí iná tí kì í dúró. Ní ọdún 2018, wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé pé kò kéré sí ti iná mànàmáná. Ṣùgbọ́n abẹ́ ọ̀rá pàtàkì tó ń sẹ́ oòrùn ni wọ́n tẹ́ àwọn ọmọ náà sí, wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Oòrùn ìta gbangba á sun ara ọmọ, á sì fi àkókò ṣòfò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta káńfọ̀ láàrin wa, ẹ má bínú sí akọ̀wé yín. A ò ní kí ẹ kó ìsọ̀ yín kúrò. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé, bí aboyún tàbí ìyá ọmọ bá ní kẹ́ ẹ ta á fóun, ẹ bi í léèrè: “Ṣé ti aṣọ ọmọ ni?” Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má tà á fún un. Èrè ibẹ̀ ò tó nǹkan. Ẹ sì má fi oògùn apakòkòrò olómi rọ́pò rẹ̀ nínú kọ́bọ̀ọ̀dù. Ẹ rántí pé ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré oògùn DDVP nínú ọjà bíi tiwa, torí ó ń pa èèyàn. Kì í ṣe ohun tí a ń fín sí ibi aṣọ tí a ó fi bora.

Kí la wá fi rọ́pò káńfọ̀? Kọ́bọ̀ọ̀dù tó gbẹ, tó mọ́, tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, òun gan-an ni oògùn. Ẹ lè ká ewé dóńgóyárò, kẹ́ ẹ sá a gbẹ nínú ilé, kẹ́ ẹ dì í sínú àpò aṣọ kékeré, kẹ́ ẹ fi sí igun pẹpẹ, kó má fara kan aṣọ, kó má sì dé ibi aṣọ ọmọ. Tó bá ti di oṣù mẹ́ta, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì máa kó aṣọ sá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún: oṣù Kẹta kí òjò tó dé, oṣù Kẹjọ nígbà tí òjò bá sinmi díẹ̀, àti oṣù Kejìlá nínú ọyẹ́. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kó o sá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo ògiri.

Ohun kan tó kù, kẹ́ ẹ má fi kọ́bọ̀ọ̀dù ṣe báńkì owó. Ẹ ò gbàgbé ìyà tó jẹ wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà, tí àwọn kan nínú wa ń tú owó jáde lábẹ́ aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ gbà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ló gbà wá sílẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún náà. Ìgbà náà ni ẹlòmíì tó rí i pé eku ti jẹ́ nínú rẹ̀.

A ti fẹ́ parí. Ọmọ náà ti dé, ọkùnrin ni. Ìró tó mọ́, tí a sá sí oòrùn, tí kò ní òórùn kankan, la fi gbà á. Ojú rẹ̀ mọ́ rekete. Ó ti ń rákò báyìí, ó sì ti ń fa ilẹ̀kùn kọ́bọ̀ọ̀dù. Ẹtù ìyá àgbà, kò ṣe é tún ṣe mọ́, ṣùgbọ́n ibi tí ikán ò dé lára rẹ̀ tó fẹ̀ díẹ̀, wọ́n fi rán fìlà fún un lọ́jọ́ ìkómọ.

Ẹni tó bá fẹ́ kí á wá ran òun lọ́wọ́, kó fún akọ̀wé lórúkọ. Pákó tirẹ̀ ni kó rà, ọwọ́ wa lọ̀fẹ́. Oúnjẹ níbi iṣẹ́, a kì í kọ̀ ọ́ o. Ẹ lọ sílé lónìí, kẹ́ ẹ ṣí kọ́bọ̀ọ̀dù yín, kẹ́ ẹ fi ìka kan pákó ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa. Aṣọ wa ò ní ya, ọmọ wa ò ní kú mọ́ wa lọ́wọ́, ọjà wa yóò máa tà.